Ìtẹ́lọ́rùn Onígbàgbọ́ àti Ìlóṣòó Òṣómàáló

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìtẹ́lọ́rùn ni baba ìwà. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ nígbà tí àgbà bá ń sọ ọ́ fún ọmọdé tí ojú ń kán. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé ó lè korò lẹ́nu. Láti ọdún 2015 títí di 2018, ìdajì owó oṣù ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ipò wọn ga ń gbà. Àwọn tí ó wà láàárín ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn tí ó wà ní ipele keje sísàlẹ̀ nìkan ni owó wọn pé. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òṣogbo ń wá owó ilé-ìwé ọmọ tirẹ̀ tì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé-ìjọsìn ní ọjọ́ Àìkú, kí ni kí oníwàásù sọ fún un?

Àwọn kan á sọ fún un pé Ọlọ́run kò dá a láti jẹ́ ẹni lásán, pé ìgbéga rẹ̀ ti dé tán. Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, tí a bí ní 1904, ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìjọ rẹ̀ ti ń sọ ọ́, ẹ̀rọ náà kọ iṣẹ́ nítòsí Ìkejì-Arákejì, ó gbọ́ ìpè, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1930, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń wọ́ lọ bá a ní Òkè Ooyè ní Iléṣà. Wọ́n ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé iṣẹ́ ọ̀nà ni ó kéré jù fún un. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ ìjọba tí ń mówó wọlé ni, kì í sì í ṣe ọlá ni ó fi í sílẹ̀ wá lọ. Àwọn tí wọ́n wá gba àdúrà lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kò di wòlíì. Oko àti ọjà ni wọ́n padà sí. Ta ni yóò wá sọ pé ìpàdé wọn pẹ̀lú Ọlọ́run kò pé?

Àwọn oníwàásù mìíràn a máa ní kí olùkọ́ fara mọ́ ohun tí ó bá rí gbà. Wọ́n á ní ṣebí Johanu Onítẹ̀bọmi ló ní kí owó iṣẹ́ tó ni. Àwọn ọmọ-ogun ni Johanu bá sọ̀rọ̀, àwọn tí ó lè fi agbára gba tọwọ́ ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹni tí a jẹ lówó. Jakọbu tilẹ̀ kọ̀wé pé owó alágbàṣe tí a há mọ́wọ́ ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́ igbe rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ sọ pé òun ti kọ́ bí a ti í ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ipòkípò. Inú ìdè ni ó ti kọ ọ́ sí àwọn ará Fílípì. Ara tirẹ̀ ni ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí ẹni tó yó ń kọ́ ẹni tí ebi ń pa.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní àpẹẹrẹ tí ó tún sún mọ́lé jù èyí lọ. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà a máa kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn, oníbàárà á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè kò rí i san, aláṣọ á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni òun ó ló títí òun ó fi gbowó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá. Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì o. Àwọn kan nínú wọn dójú ti onígbèsè kọjá ààlà. Síbẹ̀, onígbàgbọ́ pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń wálé ṣọdún Kérésìmesì, wọ́n sì ń dáwó ilé Ọlọ́run. Ìlóṣòó wọn kò ba ìgbàgbọ́ wọn jẹ́. Iye tí wọ́n jọ dá ni òṣómàáló ń bèèrè. Ẹni tí ó mọ iye tí ó tó ni í mọ iye tí ó dín.

Irú ìtẹ́lọ́rùn yìí ni ó yẹ olùkọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní òkìkí: ṣọ́ọ̀kì, ìwé àmúrelé ọmọ ogójì, àtúnṣe àmì ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ á tún ṣì kọ lọ́la. Ìgbàgbọ́ ń sọ fún un pé iyì rẹ̀ kì í pín sí méjì nígbà tí owó oṣù bá pín sí méjì. Nítorí náà ó lè wọ kíláàsì ní ọjọ́ Ajé láìjowú ẹnikẹ́ni, kí ó sì bá ẹgbẹ́ olùkọ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìsí pé ẹ̀rí ọkàn ń dà á láàmú. Ìdajì owó ni wọ́n san láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n odindi ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́.

Ìyókù owó wọn di àjẹsílẹ̀. Ìjọba tí ó wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń san owó aṣọ òṣómàáló.