Ṣé Ológbò Kan Ṣoṣo Nílò Ẹnìkejì?



Lẹ́yìn Misa, ìyá kan dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Opó ni, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu ni. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ dákun, ológbò mi kan ṣoṣo ń ké lóru. Aládùúgbò mi fẹ́ fún mi ní òmíràn. Ọlọ́run kúkú ti sọ pé kò dára kí á máa dá gbé. Ṣé kí n gbà á?"

Àwọn tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ní àgbàdo nínú àká ní Kétu níhìn-ín mọ iyì ológbò. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé èkúté.

Èyí ni ìdáhùn wa. Ọ̀rọ̀ orí 2 ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ọ̀rọ̀ ènìyàn ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbé e ka ológbò lórí. Láti inú ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Ìlà-Oòrùn ni ológbò ilé ti wá, ó sì máa ń dá ṣọdẹ, nítorí eku kan kò tó pín fún méjì. Ní 2004, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé ròyìn ibojì kan ní erékùṣù Kípírọ́sì, níbi tí Pọ́ọ̀lù mímọ́ àti Bánábà ti wàásù. Wọ́n rí ológbò tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn láti nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Eku inú àká ni ó fa ológbò sún mọ́ wa, kì í ṣe ìdánìkanwà.

Síbẹ̀, ológbò kò kórìíra ẹgbẹ́. Níbi tí oúnjẹ bá pọ̀, ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin a máa gbé pọ̀, wọn a tilẹ̀ máa fún ọmọ ara wọn lọ́mú. Ṣùgbọ́n ẹbí ni wọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá ń mú ọmọ ológbò fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dára kí ẹ mú méjì láti inú oyún kan náà. Ní ti àgbà ológbò tí ó ti dá gba ilé, bí agbawèrèmẹ́sìn ni àlejò rí lójú rẹ̀: ó lè máa tọ̀ sí igun ilé, ó lè kọ oúnjẹ, ó sì lè fi ilé sílẹ̀ pátápátá.

Bí ó bá ń ké lóru, ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀. Ebi lè máa pa á, ó lè ṣàìsàn, ó lè ti gbó, ó sì lè máa wá akọ. Ẹ fi í han dókítà ẹran. Ẹ má gbàgbé pé abo ológbò lè lóyún kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, oyún rẹ̀ kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ. Ẹni tí ó mú akọ àti abo sílé láìjẹ́ kí dókítà tọ́jú wọn kí wọ́n má bàa bímọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi ní agbo ológbò.

Bí ẹ bá ti pinnu láti mú òmíràn, ẹ fi àlejò sí yàrá ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ pààrọ̀ àkísà tí wọ́n ń sùn lé, kí wọ́n lè mọ òórùn ara wọn. Kí àwo oúnjẹ wọn yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa ṣílẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀kan bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí àrùn dìgbòlugi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a lọ wo ológbò ìyá náà. Ara rẹ̀ le. Ó sùn sí ẹsẹ̀ wa ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dìde, ìyá ní: "Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti lọ, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ jókòó lórí àpótí yìí." Ojú tì wá. Ìwé Katikísímù tí Ìjọ Mímọ́ gbé jáde ní 1992, ní ìpínrọ̀ 2416 dé 2418, kọ́ wa láti ṣàánú ẹranko, ó sì gbà wá láyè láti fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kí á má ṣe fún wọn ní ìfẹ́ tí ó tọ́ sí ènìyàn nìkan. Ìyá yìí kò ṣẹ̀. Àwa ni a fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún ológbò.

Nítorí náà, kí ológbò ìyá máa dá gbé. Ìyá ni ó nílò ẹnìkejì. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ katikísímù yóò máa lọ kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin náà, ta ni ń dá gbé ní agboolé tí ó kàn yín? Ẹ yà síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Kí Olúwa bùkún ilé yín, ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn. Àmín.