Àṣẹ Tó Pẹ́ Lọ́nà

 

Nígbà tí a wà ní ọmọléèwé, tánkì omi wa wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ẹnì kan a gun òkè lọ wo omi, ẹnì kejì a dúró ti ẹ̀rọ tó ń fa omi létí kànga, ẹnì kẹta a sì máa jíṣẹ́ láàárín wọn. Kí iṣẹ́ "Pa á!" tó dé etí kànga, omi ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìbẹ̀rù a mú kí wọ́n pa ẹ̀rọ kí tánkì tó dé ìdajì. Ohun tó burú jù ni pé ìpẹ́ náà kì í rí bákan náà: ọmọ kan a sáré, òmíràn a dúró ṣeré lọ́nà.

Ìṣòro yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń bá jà títí di òní. Ẹ̀rọ tó ń darí ẹ̀rọ mìíràn gbọ́dọ̀ gbọ́ ìròyìn kí ó tó pàṣẹ. Bí ìròyìn bá pẹ́, tí àṣẹ sì le, àtúnṣe àná a di àṣìṣe òní, gbogbo rẹ̀ a sì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ní 1957, Otto Smith, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, gbé ọgbọ́n kan jáde: kí olùdarí fi ìṣirò mọ ibi tí ẹ̀rọ yóò dé kí ìròyìn tó wọlé. Ṣùgbọ́n a ní láti mọ iye ìpẹ́ náà. Bí iye yẹn bá ń yí padà, àṣìṣe wọlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ àkókò sára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń dín agbára àṣẹ kù.

Ẹ wo pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Iṣẹ́ orí rédíò ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 dé ibẹ̀ nígbà tó bá súnmọ́ ayé, ó sì ń tó nǹkan bí 22 nígbà tó bá jìnnà. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kejì 2021 tí ọkọ̀ Perseverance balẹ̀ níbẹ̀, ìròyìn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 11, ìsọ̀kalẹ̀ náà kò sì ju nǹkan bí 7 lọ. Kí àwọn tó rán an láti Amẹ́ríkà tó gbọ́ pé ó ti wọ afẹ́fẹ́ Mars, ó ti balẹ̀. Ó fi kámẹ́rà wo ilẹ̀, ó fi wé máàpù tí wọ́n ti fún un, ó sì yan ibi tó dára fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ṣáájú ló gbà á là.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí a má tíì fi owó àjọ̀dún yìí kọ́ ẹnu-ọ̀nà tuntun. Kí a fi tún yàrá ìmọ̀ físíìsì ṣe. Tánkì, ẹ̀rọ omi àti aago tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀yin òbí tó ń fi fóònù tọ́ ọmọ láti òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó bínú. Àṣẹ wa yóò máa pẹ́ lọ́nà nígbà gbogbo. Ọmọ tí a bá sì ti kọ́ kò ní dúró dè é kí ó tó ṣe rere.