Bọ́tìnnì Ìpínkiri: Ta Ni A Fún Ní Kọ́kọ́rọ́ Ilé Wa?

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìbílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti ìdílé ní Àjàṣẹ́ níbí ni ó ti ní ìkànnì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó oríkì, ìtàn ìdílé, àwòrán ọdún egúngún àti ìkéde ìnáwó sí. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ kan tán níbẹ̀, a ó rí àmì kéékèèké nísàlẹ̀ rẹ̀, ti Facebook, ti WhatsApp àti ti àwọn mìíràn, pé kí a tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Kutọnu, ní Èkó àti ní Paris. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe àwọn bọ́tìnnì wọ̀nyí, kí sì ni wọ́n ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ wọ́n?

Ẹni tí ń kọ́ ìkànnì kì í sábà ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó ti ń mú wọn, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe ń ra ilẹ̀kùn tí káfíńtà ti kàn sílẹ̀. Plugin ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Àwa yóò pè é ní àfikún. Lórí WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ayé dúró lé, àfikún tí a bá fi sílé kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ìkànnì fúnra rẹ̀ lè kà ni òun náà lè kà: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà tẹlifóònù wọn, àpilẹ̀kọ tí a kò tíì gbé jáde. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Àfikún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnu kan lára ògiri.

Kì í ṣe àbá lásán ni a ń dá. Àfikún kan wà tí ń jẹ́ Social Warfare. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to bọ́tìnnì ìpínkiri sí ara ọ̀rọ̀. Ìkànnì tí ó ju 70,000 lọ ni ó ń lò ó ní oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí àṣírí tú pé ihò wà lára rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tí a lè gbà kó ètò rẹ̀ wọlé láti ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń béèrè bóyá alábòójútó ìkànnì ni ẹni tí ń kó o wọlé. Kíá ni àwọn olè gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n ki kóòdù tiwọn bọ inú ètò náà, àwọn tí wọ́n wá kàwé sì bá ara wọn ní ojúlé àwọn oníjìbìtì. Ọjọ́ 21 oṣù náà ni àtúnṣe jáde. Ẹni tí ó tètè gbà á bọ́; ẹni tí ó fi falẹ̀ wà nínú ewu.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fà yọ nígbà náà ni pé kí a máa tètè gba àtúnṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, wàhálà tún gba ara àfikún kan náà yọ, ó sì gba ọ̀nà mìíràn wá. Àwọn olè rí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn kan lára àwọn tí ń ṣe àfikún, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò níbòmíràn ti tú síta. Wọ́n fi í wọ inú àká WordPress, níbi tí gbogbo ayé ti ń gba àfikún, wọ́n sì bu májèlé sínú àtúnṣe Social Warfare àti ti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó gbọ́ràn, tí ó tètè gba àtúnṣe, ni májèlé náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ó ń dá alábòójútó tuntun sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn olè. Ohun tí ó mọ́ lánàá lè dọ̀tí lónìí, láìjẹ́ pé onílé ṣe àìbìkítà.

Ewu mìíràn wà tí kò nílò olè rárá. Bọ́tìnnì mìíràn a máa ké sí ilé iṣẹ́ tí ó ni ín ní kété tí ojúlé bá ṣí, yóò sì fi àdírẹ́sì ẹ̀rọ òǹkàwé hàn án, kódà bí òǹkàwé kò bá tẹ ohunkóhun. Bọ́tìnnì Facebook irú èyí ni ó gbé Fashion ID, ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Jámánì, dé Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ Yúróòpù. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2019, ilé ẹjọ́ náà ní ẹni tí ó ni ìkànnì ń pín nínú ẹrù ìkójọ àti ìfiránṣẹ́ dátà náà. Kò lè nàka sí Facebook nìkan. Ìdájọ́ yẹn kò de Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n a ní òfin tiwa. Code du numérique, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ya ìwé karùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ààbò dátà ará ìlú. APDP sì ni àjọ tí ń bójú tó o.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Kí a tó fi àfikún sílé, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mẹ́rin. Ta ni ó ṣe é? Ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn? Àwọn wo ni ojúlé wa ń ké sí kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì? Ẹni tí ó kọ́ ìkànnì lè fi èyí hàn wá lójú ẹsẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìbéèrè kẹrin ni ó tóbi jù: ǹjẹ́ a tilẹ̀ nílò rẹ̀? Líǹkì lásán lè gbé òǹkàwé lọ sí WhatsApp tàbí Facebook pẹ̀lú àdírẹ́sì ọ̀rọ̀ wa, kò sì ní sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni àfi bí òǹkàwé bá tẹ̀ ẹ́. Ó tún fúyẹ́. Àwa tí a rántí ọdún 2018, nígbà tí ìjọba bu faranki 5 lé mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook àti WhatsApp, kí wọ́n tó fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án, mọ̀ pé òǹkàwé ni ó ń sanwó ohun tí ojúlé bá fà. Bí àfikún bá sì di dandan, kí a máa yẹ orúkọ àwọn alábòójútó ìkànnì wò lóòrèkóòrè, kí a sì pa ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ wa mọ́ síbòmíràn.

Ìlú Àjàṣẹ́ ń sùn nígbà tí Zangbeto ń ṣọ́ òru, nítorí pé ìlú mọ ibi tí ó ti jáde wá. Oríkì tí a gbà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà wa, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sí láyé mọ́, yẹ ní irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.