Ímeèlì ọ́fíìsì kì í ṣe ẹrù ẹni tó ń japa

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àbúrò mi kan jáde ní yunifásítì ìjọba kan lọ́dún 2019, ó ṣe agùnbánirọ̀ tán, ó ríṣẹ́, ó wá lọ béèrè transcript. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì kan ò ní máàkì. Missing result, tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mowó.

Lẹ́kíṣọ̀ tó kọ́ wọn ní òun ti fi máàkì gbogbo kíláàsì ránṣẹ́ sí exam officer nípasẹ̀ ímeèlì. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àpótí tirẹ̀ ti kún nígbà kan, ó sì ti pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́. Exam officer ní tirẹ̀ ti japa lọ Kánádà. A bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó ní Gmail ara òun lòun fi gbà á, òun ò sì rántí páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ mọ́. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, Google ti ń pa àpótí aládàáni tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún méjì rẹ́. Ẹ ro ìyókù.

Gbogbo ilé ń bú àwọn méjèèjì. Èmi ò bú wọn. Ẹni tí ẹ gbéṣẹ́ fún láìfún un ní àpótí ọ́fíìsì, kí lẹ fẹ́ kó lò? Nígbà ayé bébà, lẹ́tà ní fáìlì, fáìlì ní nọ́ńbà, ẹni tó ń lọ sì máa ń fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé kábọ́ọ̀dù ọ́fíìsì lọ sílé.

Òfin ò sì ṣókùnkùn. Òfin FOI tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀. Kò yọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ jẹ́, abala 10 ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà de ìpínlẹ̀, nítorí náà yunifásítì ìpínlẹ̀ ò lè ní kò kan òun.

Èyí ò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ímeèlì ni àkọsílẹ̀ o. "Ẹ wá jẹ ráìsì ìkómọ" kì í ṣe àkọsílẹ̀. Máàkì, ìgbaniwọlé, owó, ìgbaniṣíṣẹ́: àkọsílẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ Gmail ara ẹni ló gbà á wọlé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ká wò.

Àwọn tó ní àpótí ọ́fíìsì pàápàá ń kó sí wàhálà. Ní Yunifásítì East Anglia, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tú ímeèlì àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ síta ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ti ọdún 2008, ní kí ẹlẹgbẹ́ kan pa àwọn ímeèlì kan rẹ́, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fi òfin béèrè wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ò rí màgòmágó nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn, àmọ́ gbólóhùn "pa á rẹ́" yẹn ló kó ìfura bá iṣẹ́ tí ò ní èérí. Kò sẹ́ni tó dé ilé ẹjọ́, torí oṣù mẹ́fà tí òfin tiwọn fi sílẹ̀ láti pe ẹjọ́ ti kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá yunifásítì wa ṣe ò pọ̀: kí àpótí máa jẹ́ orúkọ ipò, kó má jẹ́ orúkọ èèyàn, kí wọ́n sì má fọwọ́ sí ìwé ẹni tó ń lọ títí yóò fi fa páásíwọ̀ọ̀dù lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ẹ fi ẹ̀dà gbogbo nǹkan pamọ́ ní tiyín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí àbúrò mi kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ó béèrè àdírẹ́sì tí yóò fi í ránṣẹ́ sí. Gmail akọ̀wé ẹ̀ka ni wọ́n fún un.