Irọ́ Ni Pé Ẹni Tí Kò Tíì Gba Owó Oṣù Rí Kò Ní Ohun Tí Yóò Kọ Sínú CV

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kìrìkìrì, Olódì àti Ajégúnlẹ̀, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fi òógùn ojú rán wọn níléèwé, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu tọmọdé-tàgbà ní àdúgbò wa: pé ẹni tí kò bá tíì jókòó ní ọ́fíìsì kí ó gba owó oṣù rí, kò ní ohunkóhun tí ó lè kọ sínú CV. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó kàwé jáde káwọ́ lérán sílé. Òun náà ni ó ń rán àwọn ẹlòmíràn lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kí wọ́n lọ ra CV tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí ó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni a ń pààrọ̀ nínú rẹ̀. Mo wí i gbangba pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, mo sì fẹ́ tú u dé gbòǹgbò.

Èkíní, àwọn tí ó gba èyí gbọ́ ń wo ẹni tí ó sanwó, wọn kò wo iṣẹ́ tí a ṣe. Orí pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó dé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lyn ní Norway ní 2007, kí Manchester United tó gbà á ní 2020. Ta ni yóò dìde láàárín wa kí ó wí pé ohun tí ó gbá ní Maracana kì í ṣe bọ́ọ̀lù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń san owó oṣù fún un níbẹ̀?

Ẹ wo ọmọbìnrin tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ mójú tó ìsọ̀ ní ọjà Boundary láti ìgbà tí ó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Òun ni ó mọ iye ọjà tí ó kù nílẹ̀. Òun ni ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó rajà láwìn sínú ìwé, tí ó sì mọ bí a ti ń sin gbèsè láìbá oníbàárà jà. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ó fi fóònù sanwó kúrò níwájú ìsọ̀ kí àláàtì tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí, yóò ní, “Mo kàn ń ran màámi lọ́wọ́ ni.” Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkàrágbá, ayé a bá a fi kólẹ̀.

Ẹ sì wo ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń bá tírélà jáde ní Tin Can, èbúté tí a ṣí ní 1977, tàbí ní èbúté Kìrìkìrì. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje ni ó wà lára kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó ń fi wọ́n wé ohun tí ó wà nínú ìwé ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wò ó bóyá síìlì kò já, kí awakọ̀ tó gbéra. Ìrírí wo ni a tún ń wá kiri?

Èkejì, ìjọba pàápàá kò bá wa gba irọ́ yìí gbọ́. Láti 1973 ni a ti dá ètò SIWES sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ (IT) nílé iṣẹ́ láìjẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, tí a sì ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lè ṣe ìdánwò Trade Test, kí ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Kìrìkìrì gan-an, National Open University ní ibùdó ẹ̀kọ́ níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Bí ẹni tí a tì mọ́lé bá lè ní ohun tí yóò kọ sílẹ̀ nígbà tí ó bá jáde, kí ni ẹni tí ń rìn fàlàlà nígboro yóò rí wí?

Àwọn kan yóò ní ilé iṣẹ́ ni ó ń béèrè ìrírí ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Òótọ́ ni, iṣẹ́ sì wà tí ọwọ́ akọ́ṣẹ́ kò tó. Kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ agbẹ́rù èbúté lé ẹni tí kò gùn ún rí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá akọ̀wé kékeré, olùtajà tàbí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé ẹrù, ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá a lè fi nǹkan sí ìkáwọ́ ọmọ náà kí ọkàn ẹni balẹ̀. Àwọn mìíràn a sì gbà pé kí a kúkú hun irọ́ pọ̀, kí a ní a ti ṣiṣẹ́ níbi tí a kò dé rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìpè fóònù kan sì tó láti tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni kí a ti kọ ọ́? Nígbà tí Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Italy, ń kọ̀wé tọrọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ alákòóso Milan ní nǹkan bí 1482, kò ka orúkọ àwọn tí ó ti gbà á síṣẹ́ rí. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni ó tò lẹ́sẹẹsẹ, láti orí afárá àti ohun ìjà dé orí ilé àti àwòrán. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé: “Láti 2019 di 2023, mo bójú tó ìsọ̀ ohun ìsebẹ̀ ní ọjà Boundary, mo ń ka ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń kọ àkọsílẹ̀ àwìn, mo sì ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.” Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, iye ìgbà tí ẹ fi ṣe é, àti ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i, ìbáà ṣe ọ̀gá, olùkọ́, àlùfáà tàbí ààfáà. Ojú ewé kan ti tó.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ẹ mú bíírò lónìí, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí wọ́n bá pè yín láti wá jẹ́rìí, ẹ má ṣe fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí a fi òtítọ́ ṣe, ìrírí ni, yálà a san owó rẹ̀ tàbí a kò san án.