Ta Ló Ní Ẹrù Lásán Ni Wọ́n Rù?

Ẹ̀yin ará Òkè-Afá, ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń sọ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà: pé ogun Hitler, ogun òyìnbó ni, pé àwọn bàbá wa tó lọ sí Bọ́mà, ẹrù lásán ni wọ́n rù. Irọ́ ni. Irọ́ yìí ló ń mú kí fọ́tò wọn bá ìdọ̀tí lọ nígbàkigbà tí a bá ń kun ilé.

Wọ́n rù lóòótọ́. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ní 1944, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Láti ibẹ̀, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í béèrè ta ni aláàárù. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé, láti tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló ṣe wà níbẹ̀. Sójà Jàpáàní yìnbọn fọ́ itan rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi fara pamọ́, tí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ń bọ́ ọ. Ẹ pe ìyẹn náà ní ẹrù rírù!

Wọ́n tún ní fọ́tò wọn kò níye lórí, torí kò sí ìbuwọ́lù lára rẹ̀. Òótọ́ ni pé lókè òkun, owó gọbọi ni wọ́n ń san lórí fọ́tò ọ̀gá sójà táńkì Jámánì tó bá ní ìbuwọ́lù. Káàdì ìpolongo ìjọba Hitler mà ni ọ̀pọ̀ wọn. Heinrich Hoffmann, ayafọ́tò rẹ̀, tẹ̀ wọ́n bí ẹni tẹ kàlẹ́ńdà. Àwọn kan sì buwọ́ lù wọ́n nígbà tí ogun ti parí tipẹ́: Otto Carius, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sójà táńkì náà, di apòògùn lẹ́yìn ogun, 2015 ló kú. Kí ni ìbuwọ́lù wá jẹ́rìí sí? Pé ó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ.

Bó bá jẹ́ Agbélébùú Irin Jámánì, àmì-ẹ̀yẹ tó wà lára wọn nínú fọ́tò, ló ń wọ̀ yín lójú, àyà aláwọ̀ dúdú ti gbé e rí. Chari Maigumeri gbà á ní Kamẹrúùnù nígbà ogun àgbáyé kìíní, nígbà tó jẹ́ sójà Jámánì. Nígbà tó di sójà Gẹ̀ẹ́sì, ó tún gba àmì-ẹ̀yẹ Military Medal.

Àwa tiẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa ṣàlàyé fún pé fọ́tò níye lórí láìsí ìbuwọ́lù. Ní ọjọ́ 27 oṣù Jánúárì 2002, tí bọ́ǹbù bú ní bárékè Ìkẹjà, kànáà wa yìí ló gbé àwọn tó ń sá àsálà. Ta ló bi ìyá tó di fọ́tò ọmọ rẹ̀ mú pé ìbuwọ́lù dà?

Ẹ mú bàbá yín sọ̀kalẹ̀ lára ògiri lónìí, kí àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n tó gbàgbé. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà sójà, ìlú àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò. Yíǹkì bíró máa ń yọ sójú.