Ọwọ́ Tí Yóò Kọ Ìdánwò Lọ́yà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni, ọwọ́ tí a fi ń mú bírò. Àwọn àbúrò wa tí wọ́n ti ilé-kéú bọ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì ni mo ń bá sọ ọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n lọ sí Ìlọrin, níbi tí a ti ń ka òfin ìjọba àti òfin Ìsìláàmù pọ̀ nínú oyè kan ṣoṣo. Inú wa dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé oyè Yunifásítì nìkan kò sọ ènìyàn di lọ́yà ní Nàìjíríà. Ó di dandan kí ó kọjá ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà tí gbogbo ayé ń pè ní Law School, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí olú ilé rẹ̀ sì wà ní Bwari nítòsí Àbújá báyìí. Ìdánwò àṣekágbá ibẹ̀ ni ó ń já ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni ìdánwò náà dá lé: ẹjọ́ láàárín ará ìlú, ẹjọ́ ọ̀daràn, òfin dúkìá, òfin ilé-iṣẹ́, àti ìwà òun ìṣe lọ́yà. Apá kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mú ìdáhùn nínú èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún un. Apá tí ó tóbi jù ni èyí tí a ń fi ọwọ́ kọ, wákàtí mẹ́ta gbáko fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò, ni pé àwọn ọmọ wa ń pèsè orí sílẹ̀ fún ìdánwò yìí, wọn kì í pèsè ọwọ́. Orí tí ó kún kò sì lè dá nǹkan kan ṣe bí ọwọ́ kò bá bá a dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Wákàtí mẹ́ta jẹ́ 180 ìṣẹ́jú. Bí ènìyàn bá ń kọ 20 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan láìsinmi, 3,600 ọ̀rọ̀ ni yóò kọ. Ta ni kì í sinmi? Yọ àkókò tí yóò fi ka ìbéèrè kúrò, yọ èyí tí yóò fi ronú, yọ èyí tí yóò fi ṣí ojú ewé, tí yóò fi na ìka tí ó ti le gan-an. Bóyá ni 2,000 ọ̀rọ̀ yóò kù. Nínú ìyẹn náà ni yóò ti dáhùn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ pé orí fóònù ni ó ti ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà, tí ó sì ń ka ìwé àkàsílẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù kan náà, nígbà wo ni ó ti fi bírò kọ̀wé fún wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbẹ̀yìn? Bí ó bá jẹ́ inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Ohun tí ó mú ìdánwò tiwa yìí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì ni pé ìwé iṣẹ́ lọ́yà gan-an ni wọ́n ń ní kí ọmọ kọ. Wọn kò ní sọ pé kí o ṣàlàyé ohun tí ìwé ìfilẹ̀tà jẹ́ kí o sì lọ jókòó. Wọn yóò sọ fún ọ pé Alàgbà báyìí ta ilẹ̀ fún Alhaja báyìí, kí o kọ ìwé náà. Ìwọ yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́, orúkọ olùtà àti olùrà pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn, ìtàn bí ilẹ̀ náà ṣe dé ọwọ́ olùtà, iye owó àti ẹ̀rí pé ó ti gbà á, àpèjúwe ilẹ̀ náà, àyè ìfọwọ́sí, àyè àwọn ẹlẹ́rìí, àyè tí Gómìnà yóò ti fi àṣẹ sí i nítorí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, títí dé orúkọ lọ́yà tí ó kọ ìwé náà. Bákan náà ni ti ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn: orúkọ ilé-ẹjọ́ lókè, nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹni tí ó pe ẹjọ́ àti ẹni tí a pè, ẹ̀sùn kìn-ín-ní, ohun tí òfin pe ẹ̀ṣẹ̀ náà, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ọjọ́, àti ìfọwọ́sí. Gbogbo àkọlé wọ̀nyí ń jẹ àkókò. Kò sì sí èyí tí a lè gé kúrú, nítorí ìwé tí kò ní orí kò ṣeé gbé lọ sí ilé-ẹjọ́.

Níhìn-ín ni mo ti gbà pé ọmọ ilé-kéú ní àǹfààní tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Báwo ni a ṣe ń há súrà sórí láyé wàláà? Áfáà kì í kàn ka súrà náà sí ọmọ létí. Ọmọ yóò fi kálámù ki tàdáwà, yóò kọ ọ́ sórí wàláà, yóò máa kà á bí ó ṣe ń kọ ọ́. Bí ó bá ti há a, yóò fọ wàláà, yóò tún òmíràn kọ. Ọwọ́ àti orí jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ gbé ọgbọ́n yìí lọ bá ìwé ìfilẹ̀tà. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kọ ọ́ tán ní ogún ìgbà, ọjọ́ ìdánwò kò ní bá a níbi tí yóò ti máa ronú ohun tí ó tẹ̀lé iye owó. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Orí yóò wá ráyè dojú kọ ibi tí ìbéèrè gbé le. Ẹni tí ó kàn ń ka àwòṣe ìdáhùn tí ẹlòmíràn kọ, tí ó ń sọ pé òun ti mọ èyí, ojú rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2014, Mueller àti Oppenheimer, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde pé àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ nínú kíláàsì lóye ọ̀rọ̀ ju àwọn tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Òtítọ́ ni pé nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe, èsì rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbé ọ̀rọ̀ mi lé ìwádìí yẹn. Wàláà ti tó mi.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ khatt dáadáa, èyí tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jókòó síbi tí ó yẹ máa ń lọ́ra. Ó fẹ́ kí ó dára. Ibn Muqla, ẹni tí ó kú ní ọdún 940, tí ó fi àmì ojú kálámù wọn gígùn àti fífẹ̀ lẹ́tà, kò kọ ìdánwò oníwákàtí mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n ń kọ èdè Lárúbáwá pàápàá mọ̀ pé ọwọ́ kò yẹ kó jẹ́ ọ̀kan: naskh ni wọ́n fi ń kọ ìwé, thuluth ni wọ́n fi ń ṣe ara ògiri mọ́sálásí lọ́ṣọ̀ọ́, ruq'a sì ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà àti ìwé ọ́fíìsì kíákíá. Ruq'a ni a nílò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Kí ó yá, kí ó sì ṣeé kà, ó parí. Ẹni tí yóò máa máàkì ní òkìtì ìwé níwájú, kò ní jókòó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò rí kà, kò sì ní fi máàkì kún un nítorí ẹwà.

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo èyí ti di ayé àtijọ́, pé kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá. N kò ta kò wọ́n pátápátá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ tàbí tí ojú ń dùn, ó yẹ kí a fún un ní ọ̀nà mìíràn, èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ ìdánwò lọ́yà tiwọn, ó sì rọrùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2014, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ìdáhùn wọn fi ránṣẹ́ lálẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ń gbà á kò gbé e, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tún ń mọ́ bọ̀ sí ìdánwò ọjọ́ kejì. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ti ìpínlẹ̀ California dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, ẹ̀rọ ń kú, ó ń jí, títí àkókò fi lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí iná kì í lọ, kí ẹ fojú inú wo tiwa. Ìdáhùn tí ó sì ká mi lára jù kò ju èyí lọ: ẹni tí yóò jókòó ṣe ìdánwò lọ́dún yìí kò lè fi ìdánwò tí wọn yóò ṣe ní ọdún mẹ́wàá òní múra.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, iṣẹ́ lọ́yà kò tíì kúrò lọ́wọ́ bírò ní ilẹ̀ wa. Láti ìgbà Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó di lọ́yà àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní ọdún 1879, títí di òní, ẹni tí ó bá wọ ilé-ẹjọ́ yóò rí adájọ́ tí ń fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́yà yóò bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, yóò sì dúró wo bírò adájọ́ kí ó tó bi òmíràn. Òun náà ní láti kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ó lè rí ohun fi dá ẹlẹ́rìí lẹ́jọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yí padà.

Báwo wá ni kí a ṣe é? Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá kàwé tán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí i, ó kéré tán. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ààbọ̀ wákàtí lójoojúmọ́ ti tó; kí ó di wákàtí kan, kí ó di méjì, kí ó tó di mẹ́ta. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni kí ẹ máa dáhùn, pẹ̀lú agogo lórí tábìlì, kí fóònù sì wà ní yàrá mìíràn. Ẹ má ṣe fún bírò pa. Ọmọ tí ó bá ń fún un pa, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yóò ti máa ro kí wákàtí kan tó pé. Apá ni kí ẹ fi gbé ọwọ́ rìn lórí ìwé, ìka nìkan kọ́. Bírò tí ẹ ti fi kọ̀wé fún oṣù méjì ni kí ẹ gbé lọ, mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú rẹ̀, kì í ṣe tuntun tí ẹ rà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ láàárín kókó kan àti èkejì, nítorí ohun tí ẹ gbàgbé yóò nílò àyè. Kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ kọ egungun ìdáhùn sí ẹ̀yìn ìwé, nítorí bírò kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kí ẹ sì fún ẹlòmíràn ní ohun tí ẹ kọ kí ó kà á sókè. Ibi tí ó bá ti ta kókó, ibẹ̀ ni olùmáàkì yóò ti ta kókó.

Ọ̀rọ̀ kù fún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa ń béèrè ohun tí ọmọ wọn fẹ́ fi khatt àti imlá' ṣe láyé kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń fẹ́ kí a fi àkókò náà kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn. Mo bẹ àwọn Mùdíìrì wa kí wọ́n má gbọ́ ti wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, kí a fi imlá' èdè Gẹ̀ẹ́sì kún ti Lárúbáwá fún àwọn kíláàsì àgbà, kí olùkọ́ máa pe ọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ọmọ máa kọ ọ́, kí a sì máàkì bí ó ṣe yá sí àti bí ó ṣe ṣeé kà sí. Fúláskáàpù àti bírò ni gbogbo ìnáwó rẹ̀, a sì lè bẹ̀rẹ̀ ní táàmù tí ń bọ̀.